Ẹni Tí Ó Bá Dákẹ́: Ìtàn Ìfisùn Jìbìtì Orí Ẹ̀rọ Ayélujára Lọ́dọ̀ Ìjọba ní Nàìjíríà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí àwọn tí a lù ní jìbìtì ṣe ń gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ìjọba ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí jìbìtì ti ń gba inú lẹ́tà kọjá títí di ìgbà tí ó gun orí ẹ̀rọ ayélujára àti fóònù alágbèéká. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó ti wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí ló gbájú mọ́ oníjìbìtì: irú ènìyàn tí ó jẹ́, ohun tí ó sún un dé ibẹ̀, àti ọgbọ́n tí ó ń dá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló béèrè ohun tí ẹni tí a lù ṣe lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ là. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé àwọn òfin àti àjọ tí ó wà lónìí kò ṣàdédé wà. Igbe àwọn olùfisùn ló bí wọn. Ó tún fi hàn pé igbe àjèjì àti ti báńkì ńlá ni ìjọba kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó gbọ́ ti ará ìlú, àti pé èdè tí a fi ń fisùn wà lára ohun tí ó ṣì ń dí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe yìí ni a lè pè ní òfin kìíní nínú ọ̀rọ̀ ìfisùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ pé a ṣe ẹnìkan ní ibi, kò sí ọba, kò sí ọlọ́pàá, kò sì sí adájọ́ tí yóò dìde sí i. Síbẹ̀, ó rọrùn láti pa òwe yìí ju láti tẹ̀ lé e lọ, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ pé jìbìtì ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàrin olè àti jìbìtì. Olè a máa mú ohun olóhun nígbà tí olóhun kò sí níbẹ̀, tàbí kí ó fi tipátipá gbà á. Oníjìbìtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn ni ohun ìjà rẹ̀, olóhun fúnra rẹ̀ ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun ìní rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: oníjìbìtì, gbájúẹ̀, àti ní ayé òde òní, ọmọ Yàhúù. Ẹni tí wọ́n jà lólè a máa kígbe. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì a máa wolẹ̀. Ìtìjú yìí ló mú kí ìtàn ìfisùn jìbìtì yàtọ̀ sí ti ìwà ọ̀daràn mìíràn.

Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn: ta ni ó ń fisùn, ta ni ó ń gbọ́ ẹ̀sùn náà, kí ni ó sì ń ti ibẹ̀ jáde? Ìtàn náà pín sí ìgbà mẹ́rin: ayé àtijọ́, ìgbà ìjọba amúnisìn, ìgbà lẹ́tà àti fáàsì, àti ìgbà ẹ̀rọ ayélujára.

Ìfisùn Láwùjọ Yorùbá Láyé Àtijọ́

Kí òyìnbó tó dé, igbe ni ìfisùn àkọ́kọ́ láàrin Yorùbá. Bí olè bá wọlé, onílé yóò figbe ta, àwọn ará àdúgbò yóò sì tú jáde. Igbe yìí ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń pe olùrànlọ́wọ́, ó ń sọ aládùúgbò di ẹlẹ́rìí, ó sì ń dí olè lọ́nà kí ó tó jìnnà. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yóò dé iwájú baálé. Bí ó bá kọjá agbára baálé, wọn a gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjòyè tí ó ń ṣàkóso àdúgbò. Bí ó bá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ọ̀rọ̀ ààfin. Níbẹ̀, olùfisùn yóò fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́, ẹni tí a fẹ̀sùn kàn yóò fèsì, wọ́n sì lè ní kí àwọn méjèèjì fi Ògún búra.

Ètò yìí ní àlébù tirẹ̀. Alágbára lè rí ojúrere níbi tí tálákà kò ti rí i, àwọn àgbà sì máa ń fẹ́ pẹ̀tù síjà ju kí wọ́n dá ẹnìkan lẹ́bi lọ. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà nínú rẹ̀ tí ìfisùn òde òní ṣì ń wá kiri: ìyára, ẹlẹ́rìí tí ó wà nítòsí, àti èdè tí olùfisùn gbọ́ yékéyéké.

Nígbà tí ilé-ẹjọ́ òyìnbó fìdí múlẹ̀, òwe kan bá a rìn: a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó wà nínú òwe náà, kóòtù, fi hàn pé kò dàgbà ju ìjọba amúnisìn lọ. Òwe náà jẹ́rìí sí bí àwọn ènìyàn ṣe rí ètò tuntun yìí. Ní ààfin, ẹjọ́ lè parí kí alájọgbé méjì sì tún máa bá ara wọn jẹun. Ní kóòtù, ẹnìkan yóò borí, ẹnìkan yóò jẹ̀bi, okùn ọ̀rẹ́ yóò sì já. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ tẹ àgọ́ ọlọ́pàá.

Abala 419 àti Lẹ́tà Ọdún 1920

Ìjọba amúnisìn ṣe ìwé òfin ìwà ọ̀daràn fún àríwá Nàìjíríà ní ọdún 1904, ó sì sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 1916. Nínú ìwé òfin yìí ni abala 419 wà, èyí tí ó sọ pé ẹni tí ó bá fi irọ́ gba ohun ìní ẹlòmíràn pẹ̀lú èrò láti lù ú ní jìbìtì yóò fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 jura. Láti ara nọ́ńbà abala yìí ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ jìbìtì Nàìjíríà sí ti jáde.

Ohun kan wà nínú abala náà tí kì í sábà wọ ojú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Òfin náà sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹni tí a fẹ̀sùn jìbìtì kàn láìsí ìwé àṣẹ, àfi bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ níbi tí ó ti ń ṣe é lọ́wọ́. Bí a bá fi èyí wé igbe ayé àtijọ́, ìyàtọ̀ náà hàn gbangba. Ẹni tí a fi lẹ́tà lù ní jìbìtì kò lè ká oníjìbìtì mọ́ ibi tí ó ti ń ṣe é, nítorí pé òkèèrè ni ó wà. Ó di dandan kí ó fisùn, kí ọlọ́pàá wá ìwé àṣẹ lọ, kí ìwé àṣẹ sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó lọ mú afurasí. Gbogbo àkókò yìí, ẹsẹ̀ oníjìbìtì kò dúró.

Òpìtàn Stephen Ellis, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ìwà ọ̀daràn ní Nàìjíríà tí ó jáde ní ọdún 2016, tọ́ka sí lẹ́tà kan tí ó kà sí àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ tí ó ní àkọsílẹ̀ tí ó dájú. P. Crentsil, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi ìjọba amúnisìn, ni ó kọ lẹ́tà náà ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 1920, sí ẹnìkan ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n onísẹ́ ìyanu, ó sì ní òun yóò lo agbára awo fún ẹni náà bí ó bá lè san owó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1921, ọlọ́pàá gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn mẹ́ta, abala 419 sì wà lára òfin tí wọ́n fi pè é lẹ́jọ́. Adájọ́ kìlọ̀ fún un lórí ẹ̀sùn kan, ó sì dá a sílẹ̀ lórí méjì yòókù nítorí pé kò sí ẹ̀rí mìíràn tí ó gbe ọ̀rọ̀ olùfisùn lẹ́sẹ̀.

Ìtàn kékeré yìí gba àròjinlẹ̀. Ọlọ́pàá gbọ́, òfin wà, afurasí dé iwájú adájọ́, síbẹ̀ ẹjọ́ náà fọ́ nítorí ẹ̀rí. Láti ọdún 1921 ni ó ti hàn pé kí ènìyàn fisùn nìkan kò tó. Ohun tí ó mú lọ́wọ́ nígbà tí ó ń fisùn ni yóò pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí.

Ìgbà Lẹ́tà àti Fáàsì: Àwọn Ọdún 1980 sí 1999

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí ìjọba ológun sì gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní ọdún 1986, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, náírà sì pàdánù agbára rẹ̀. Ìgbà yìí ni lẹ́tà jìbìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí òkè òkun bí omi òjò, lẹ́yìn náà ni ó sì gun orí tẹ́lẹ́ẹ̀sì àti fáàsì. Oníjìbìtì yóò pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ní Báńkì Àpapọ̀ tàbí ní ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba, yóò ní owó ńlá kan wà nílẹ̀ tí òun fẹ́ kó jáde, yóò sì bẹ àjèjì náà kí ó yá òun ní àkáǹtì rẹ̀. Kí owó ńlá náà tó jáde, owó kéékèèké kan yóò kọ́kọ́ wà tí àjèjì yóò san.

Ọgbọ́n burúkú tí ó wà nínú irú lẹ́tà yìí ni pé ó ń di ẹnu olùfisùn kí ó tó fisùn rárá. Ẹni tí ó gbà láti bá wọn kó owó ìjọba Nàìjíríà jáde ti fi ara rẹ̀ sí ipò alábàáṣepọ̀. Ẹni tí ó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn aláṣẹ Nàìjíríà náà ń sọ nígbà náà nìyí: pé ojúkòkòrò ló mú ẹni tí a lù, àti pé òun náà ní ẹjọ́ í jẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, èso tí ó so ni pé ọ̀pọ̀ dákẹ́, oníjìbìtì sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn tí kò dákẹ́ ni wọ́n yí nǹkan padà. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kó lẹ́tà tí wọ́n rí gbà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìlú wọn àti ilé aṣojú Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, àjọ Secret Service ya ètò kan sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ń sanwó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn òkè òkun láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1995, ìjọba ológun gbé òfin ológun nọ́ńbà 13 jáde, èyí tí ó dojú kọ jìbìtì tí a fi ń gba owó ìṣáájú. Òfin àkànṣe àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, igbe àjèjì ni ó sì bí i. Ará Ìbàdàn tàbí Òṣogbo tí gbájúẹ̀ gba owó ọjà rẹ̀ ní gáréèjì kò sí nínú ìpolówó náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ya ètò kankan sọ́tọ̀ fún un.

Kafé, Àjọ EFCC àti Òfin Ọdún 2006

Ní òpin àwọn ọdún 1990 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, kafé íńtánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní ìgboro àwọn ìlú ńlá. Ní ọdún 2001, fóònù alágbèéká GSM dé. Ohun tí ó ń ná oníjìbìtì ní owó sítáǹbù àti fáàsì di ohun tí ó lè fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe ní òru ọjọ́ kan, sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń lo àpótí lẹ́tà Yahoo ni wọ́n sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà di orúkọ iṣẹ́ ibi yìí. Nígbà tí ó di ọdún 2007, orin Yahooze tí Olu Maintain kọ ti gba ìgboro kan, ijó rẹ̀ sì di ohun tí tọmọdé tàgbà ń jó. Níbi tí ijó bá ti gba ìgboro lórí orúkọ yìí, ó ṣòro kí ẹni tí a lù ní jìbìtì tó rí ẹni bá a dárò.

Ìfúngun mọ́ ìjọba láti òkè òkun ló tún ṣí ilẹ̀kùn kejì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, àjọ FATF, tí ń ṣọ́ owó àìmọ́ káàkiri àgbáyé, fi Nàìjíríà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ní ọdún 2002, òfin tí ó dá àjọ EFCC sílẹ̀ jáde. Nuhu Ribadu ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní ọdún 2004, Nàìjíríà sì kúrò nínú ìwé FATF ní oṣù Kẹfà ọdún 2006. Pàtàkì àjọ yìí fún olùfisùn ni pé ojúlé kan wà tí gbígba ìwé ẹ̀sùn lórí jìbìtì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Abala 39 òfin rẹ̀ tún sọ pé a kò lè fipá mú òṣìṣẹ́ àjọ náà láti dárúkọ ẹni tí ó ta á lólobó, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá pàṣẹ. Abala kan náà ní ìjìyà fún ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ fisùn.

Ẹjọ́ tí ó sọ àjọ náà di ìlúmọ̀ọ́ká wá láti Bràsíl. Láàrin ọdún 1995 sí 1998, àwọn oníjìbìtì gba nǹkan bíi 242 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Banco Noroeste ní São Paulo, pẹ̀lú irọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ pápákọ̀ òfuurufú sí Abùjá. Emmanuel Nwude, tí ó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olùdarí Union Bank, pe ara rẹ̀ ní Paul Ogwuma, tí ó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà. Àṣírí náà kò tú àfi ìgbà tí Banco Santander fẹ́ ra báńkì Bràsíl náà, tí wọ́n sì yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Ní ọdún 2004, EFCC gbé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Abùjá. Adájọ́ ní kì í ṣe ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti gbọ́ ọ, ó sì di ti ilé-ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 2005, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 25 fún Nwude. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ yìí, kí ọjọ́ kan náà tó dé, báńkì tí a jà lólè ti kógbá sílé ní ọdún 2001.

Ní ọdún 2006, òfin tuntun rọ́pò ti ọdún 1995. Ìjìyà di ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 7, tí kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 20 lọ, láìsí owó ìtanràn. Abala 11 fún ilé-ẹjọ́ láyè láti pàṣẹ kí ọ̀daràn dá ohun tí ó gbà padà fún ẹni tí ó lù. Òfin náà tún ní kí oníkafé forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ EFCC, kí ó sì máa jábọ̀ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ bí àjọ náà bá béèrè. Oníkafé, tí ó ti jẹ́ oníṣòwò lásán, di ẹlẹ́rìí tí òfin yàn. Èyí fi díẹ̀ jọ aládùúgbò tí ń gbọ́ igbe láyé àtijọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ló fi tipá sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà láàrin olùfisùn kan àti èkejì. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni FBI àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ṣí ibùdó ìfisùn kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí a wá ń pè ní IC3 láti ọdún 2003. Ẹni tí a lù lè jókòó sílé rẹ̀ kí ó fisùn. Ní àsìkò kan náà, ará Nàìjíríà ní láti wá akọ̀wé tàbí agbẹjọ́rò tí yóò bá a kọ ìwé ẹ̀sùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì ní ìlú ńlá.

Fóònù, Báńkì àti Òfin Ọdún 2015

Nígbà tí báńkì bọ́ sórí fóònù, jìbìtì padà wálé. Kì í ṣe àjèjì nìkan ni ó ń gba lẹ́tà mọ́. Ìyá oníṣòwò, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gba ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní láti báńkì ni òun ti ń pè, tí ó sì ń béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì wọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Báńkì Àpapọ̀ gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ BVN kalẹ̀, kí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan lè ní olóhun tí a mọ̀. Ọgbọ́n kò tán nínú àwọn oníjìbìtì. BVN pàápàá di ohun tí wọ́n ń fi irọ́ béèrè lórí fóònù.

Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ti kọ́kọ́ tún ọ̀nà kan ṣe. Òfin ẹ̀rí tí ó wà tẹ́lẹ̀ kò mọ kọ̀ǹpútà. Ní abala 84 òfin tuntun, ohun tí kọ̀ǹpútà bá tẹ̀ jáde di ẹ̀rí ní ilé-ẹjọ́ bí a bá tẹ̀ lé ìlànà tí òfin là sílẹ̀. Ohun tí ó fọ́ ẹjọ́ ọdún 1921 rí oògùn díẹ̀ nìyẹn. Àbá òfin lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà sì ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan tó buwọ́ lu òfin. Ọdún 10 gbáko ni ẹni tí a lù fi dúró.

Òfin ọdún 2015 yìí sọ ìfisùn di ọ̀ranyàn fún àwọn kan. Abala 21 ní kí ẹni tàbí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣàkóso ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fi ìkọlù tó ibùdó ìjọba tí a ń pè ní ngCERT létí láàrin ọjọ́ 7. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san mílíọ̀nù 2 náírà, wọn a sì já a kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àtúnṣe ọdún 2024 dín ọjọ́ 7 kù sí wákàtí 72. Abala 37 sì sọ pé bí báńkì bá yọ owó oníbàárà láìgba àṣẹ, tí oníbàárà kọ̀wé sí i, báńkì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí àṣẹ hàn tàbí kí ó dá owó náà padà láàrin wákàtí 72. Kókó tí kò yẹ kí ó bọ́ sọnù níbí ni pé oníbàárà ní láti kọ̀wé. Ẹni tí ó lọ figbe ta ní báńkì, tí ó sì padà sílé láìfi ìwé sílẹ̀, kò tíì fisùn lójú òfin.

Ẹjọ́ kan fi bí ìyára ìfisùn ṣe ń so èso hàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, ọ̀gá tí ń mójú tó owó ní Unatrac Holding, ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń bá Caterpillar ta ẹ̀rọ, tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sí ojúlé ayédèrú. Àwọn oníjìbìtì wọ inú àpótí lẹ́tà rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé owó èké gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 dọ́là. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ FBI. Ó pàdánù owó ńlá, ṣùgbọ́n kò fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. Láti ara ẹ̀sùn yìí ni wọ́n ti tọ ipasẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Obinwanne Okeke, oníṣòwò tí ìwé ìròyìn àgbáyé ti ń yìn. Wọ́n mú un ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún un ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 bákan náà, Amẹ́ríkà kéde pé ènìyàn 281 ni ọwọ́ tẹ̀ nínú ìgbésẹ̀ kan káàkiri àgbáyé. 167 nínú wọn jẹ́ ní Nàìjíríà, EFCC sì wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀ sí i nílé náà. EFCC gbé ètò ìfisùn Eagle Eye jáde sórí fóònù ní ọdún 2021, àwọn ọlọ́pàá sì ní ibùdó àpapọ̀ lórí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ní Abùjá, níbi tí ènìyàn ti lè fisùn láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2022, Nàìjíríà wọ àdéhùn Budapest, èyí tí ó mú kí ó rọrùn láti béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ohun tí Ó Ṣì Ń Dí Ẹnu Olùfisùn

Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kò túmọ̀ sí pé gbogbo ènìyàn ni yóò wọlé. Ìtìjú ni ó ṣáájú. Ẹni tí a lù ń bẹ̀rù pé wọn yóò pe òun ní ọ̀dẹ̀ tàbí mùgùn, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Yorùbá a máa bu ẹnu àtẹ́ lu olè, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n sábà máa ń fi ẹni tí gbájúẹ̀ mú rín. Ẹ̀rín yìí ń ṣiṣẹ́ fún oníjìbìtì ju irọ́ tí ó pa lọ.

Ìdí kejì ni okùn ẹbí. Nígbà mìíràn, àwọn òbí àti aládùúgbò mọ ibi tí owó ọmọ ti ń wá, wọ́n sì ń fọwọ́ bò ó. Wọ́n gbàgbé pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ìbẹ̀rù àwọn agbófinró pàápàá wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, EFCC ya wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní òru, wọ́n kó 69. Ariwo tí ó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé alága àjọ náà fòfin de irú ìgbésẹ̀ òru bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀sùn tí kò ṣe pàtó a máa kó aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Olùfisùn tí ó mú orúkọ àkáǹtì, ọjọ́, wákàtí àti àtẹ̀jíṣẹ́ wá ń dáàbò bo ara rẹ̀, ó sì ń dáàbò bo aláìmọwọ́mẹsẹ̀.

Ìdí kẹta ni èdè, òun ni a kì í sì í sábà dárúkọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo òfin tí iṣẹ́ yìí mẹ́nu bà, láti abala 419 dé àtúnṣe ọdún 2024. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń rojọ́ ní Yorùbá, ẹlòmíràn ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí ó sọ gan-an sì lè pòórá láàrin ẹnu àti ìwé. Ẹni tí ó bá ṣiyè méjì lórí èyí, kí ó tẹ́tí sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tí ń sọ Yorùbá ní Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn ń tò síbẹ̀ láti rojọ́ nípa owó tí a fi irọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Rédíò kò lè mú ẹnikẹ́ni, kò sì lè ti àkáǹtì kankan pa. Ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ni ohun tí ààfin àtijọ́ fún olùfisùn: àyè láti fi èdè abínibí sọ tẹnu wọn, kí ẹlòmíràn sì gbọ́ ọ délẹ̀.

Àbá

Láti inú àyẹ̀wò yìí, àwọn àbá wọ̀nyí jáde:

1. Kí ẹni tí a bá lù kọ́kọ́ ké sí báńkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè dá owó náà dúró, kí ó sì fi ìwé tì í lẹ́yìn. Bí báńkì kò bá dáhùn, kí ó gbé e lọ sí ẹ̀ka tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC.

2. Kí ó má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́, nọ́ńbà fóònù àti ìwé owó tí ó sán rẹ́, bí ìbínú tilẹ̀ ń sún un láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni ó fọ́ ẹjọ́ ọdún 1921, ẹ̀rí náà ni ó fìdí ẹjọ́ ọdún 2021 múlẹ̀.

3. Kí EFCC, ọlọ́pàá àti àwọn báńkì gbé ìlànà àti ìwé ìfisùn wọn jáde ní Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Àwọn ẹ̀ka èdè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àti yunifásítì lè ṣe ìtumọ̀ náà.

4. Kí àwọn olùkọ́ tí a ń dá lẹ́kọ̀ọ́ mọ ìlànà ìfisùn, kí wọ́n sì gbé e dé kíláàsì àti ìpàdé òbí.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọ̀ fi hàn pé láti ọdún 1920 wá, olùfisùn ló ń ṣáájú, òfin ló ń tẹ̀ lé e. Igbe àwọn ará òkè òkun bí òfin ọdún 1995. Ìfúngun àgbáyé bí EFCC. Ẹ̀sùn ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì mú ẹni tí ayé ń yìn dé iwájú adájọ́. Ará ìlú ni ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ìjọba fetí sí, nígbà tí ó sì yí kàn án, èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n ní kí ó fi sọ̀rọ̀. Òfin tí ó wà nílẹ̀ báyìí kò kéré. Ohun tí ó kù ni pé kí ìyá oníṣòwò tí wọ́n kó owó rẹ̀ lọ lórí fóònù ní àárọ̀ lè fi Yorùbá kọ ẹ̀sùn rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í rẹ́rìn-ín. Títí di ìgbà náà, ìdákẹ́ ni yóò máa jẹ́ ibi ìsádi oníjìbìtì.